Oòrùn Kò Wọ́n ní Òkè-Ògùn, Ìmọ́lẹ̀ Tí A Wọ̀n Ló Wọ́n

Bí èépá funfun bá bẹ̀rẹ̀ sí í hù ní ìgúnpá, ní orúnkún àti ní agbárí ẹnìkan ní Ṣakí tàbí ní Ìsẹ́yìn, ibi tí yóò kọ́kọ́ gbà lọ ni ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì. Wọ́n á ta ìpara làpálàpá fún un. Bí ìpara kò bá ràn án, ọṣẹ dúdú àti àgbo ló kàn. Nígbà tí oṣù bá ń gorí oṣù tí èépá náà ń gbilẹ̀, ọ̀rọ̀ á di ti ẹbí. Àwọn kan á ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló dọ̀tí, àwọn kan á ní ayé ló ń bá a jà. Ti àwọn tí kò sọ̀rọ̀ rárá ló máa ń dunni jù: wọn kò ní bá a fọwọ́ bọ àwo kan náà mọ́, nítorí wọ́n ti gbà lọ́kàn ara wọn pé ẹ̀tẹ̀ ni.

Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ẹ̀tẹ̀, kó má sì jẹ́ làpálàpá. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ sọ̀ráyásíìsì. Ìtọ́jú kan sì wà fún sọ̀ráyásíìsì tí kò ní oògùn mímu nínú, tí kò ní abẹ́rẹ́ nínú: ìmọ́lẹ̀ ni. Ohun tí mo fẹ́ fi yé ẹ̀yin òǹkàwé ni pé ìmọ́lẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́ lára adúláwọ̀, bí ẹni tó ń fi í tọ́jú wa bá mọ bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n fún irú awọ tiwa. Kò sì yẹ kí ará Òkè-Ògùn, agbègbè tí Ṣakí àti Ìsẹ́yìn wà, máa rìnrìn àjò ọjọ́ kan gbáko kó tó rí i.

Àìsàn tí kì í ràn

Awọ ara kì í dúró sójú kan. Lójoojúmọ́ ni ti òkè ń re tí tuntun ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀, ó sì máa ń gba tuntun náà tó oṣù kan kó tó dé òkè. Lára ẹni tó ní sọ̀ráyásíìsì, àwọn sójà inú ẹ̀jẹ̀, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti bá kòkòrò àrùn jà, á ṣi iṣẹ́ ṣe: wọ́n á máa lé awọ ní eré pé kó yára hù. Iṣẹ́ oṣù kan á wá parí láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Awọ àtijọ́ kò tíì re tán tí tuntun fi dé bá a. Wọ́n á máa gorí ara wọn, ojú ibẹ̀ á nípọn, á máa bó, á máa yúnni, nígbà mìíràn á là, á sì ṣẹ̀jẹ̀.

Kì í ṣe kòkòrò ló ń fà á, nítorí náà kò lè ràn. Ẹni tó ní in lè bá ọmọ rẹ̀ sùn lórí ẹní kan, ó lè se oúnjẹ tà, ó lè bọ ènìyàn lọ́wọ́. Ó lè máa rìn nínú ìran, ṣùgbọ́n kì í ṣe èpè ìdílé. Nínú ẹni mẹ́wàá tó bá ní in, ó lè tó mẹ́ta tí oríkèé ara wọn yóò máa ro wọ́n tí yóò sì máa wú. Ní Ìsẹ́yìn, níbi tí aṣọ òfì ti ń bọ́ ọ̀pọ̀ ilé, ẹ ro ti ahunṣọ tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ là, tí ìka rẹ̀ wú. Iṣẹ́ tó fi ń jẹun ni àìsàn náà fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọdún 2014, ìpàdé àpapọ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé rọ gbogbo orílẹ̀-èdè pé kí wọ́n má fojú kékeré wo àìsàn yìí mọ́. Ní 2016, àjọ náà gbé ìwé kan jáde tó sọ pé, ó kéré tán, 100 mílíọ̀nù ènìyàn ló ń bá a yí láyé. Ní apá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kò wọ́pọ̀ tó bó ṣe wọ́pọ̀ ní Yúróòpù. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, ìwádìí ìjọba ti ọdún 2009 sí 2010 rí i pé nínú 1,000 àgbàlagbà aláwọ̀ funfun, 36 ló ní in. Nínú 1,000 adúláwọ̀, 19 ni. Àìwọ́pọ̀ yìí gan-an ló dá kún ìyà àwọn tó ní in láàárín wa, nítorí nọ́ọ̀sì tàbí oníkẹ́míìsì tí kò rí i rí kò lè dá a mọ̀.

Awọ dúdú kì í pọ́n bí ìwé ṣe wí

Lára aláwọ̀ funfun, ojú àìsàn náà máa ń pọ́n yòò, èépá orí rẹ̀ á sì máa dán bíi fàdákà. Àwòrán yẹn ló kún inú ìwé tí ọ̀pọ̀ dókítà fi kẹ́kọ̀ọ́. Lára adúmáadán, ojú rẹ̀ lè ní àwọ̀ àlùkò, ó lè rí bí eérú, ó sì lè dúdú ju awọ tó yí i ká lọ. Lára apọ́nbéporé, ó lè pọ́n díẹ̀ kó sì tún dúdú díẹ̀. Ohun mẹ́ta ni dókítà máa ń wò lójú rẹ̀ kó tó sọ bó ṣe le tó: pípọ́n, nínípọn àti èépá. Bí kò bá mọ bí pípọ́n ṣe ń farahàn lára awọ dúdú, àìsàn tó le á di kékeré lórí ìwé, ìtọ́jú tó yẹ á sì pẹ́ kó tó dé.

Ọ̀ràn mìíràn ni ti àpá. Nígbà tí sọ̀ráyásíìsì bá san lára awọ dúdú, ibi tó ti wà lè dúdú ju ibi yòókù lọ tàbí kó funfun fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àpá lásán ni, kì í ṣe àìsàn mọ́, yóò sì máa parẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọn kò ṣàlàyé fún á máa wá ìpara abóra kiri láti fi lé e. Púpọ̀ nínú ìpara bẹ́ẹ̀ ló ní steroid líle nínú. Ní ìbẹ̀rẹ̀, steroid á mú kí sọ̀ráyásíìsì rọlẹ̀, aláìsàn á sì rò pé òun ti bọ́. Bó bá pẹ́, awọ á di fẹ́lẹ́. Ọjọ́ tó bá sì dáwọ́ ìpara náà dúró lójijì, àìsàn náà lè padà dé pẹ̀lú agbára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe di oògùn

Ilẹ̀ Áfíríkà ní ìpín tirẹ̀ nínú ìtàn yìí. Ní Íjíbítì, ewéko kan wà tó ń hù lẹ́bàá odò Náílì, Ammi majus ni wọ́n ń pè é. Láti ayébáyé ni wọ́n ti ń lò ó fún ẹni tí awọ rẹ̀ ń funfun lójú kan lójú kan, tí onítọ̀hún á sì jókòó sínú oòrùn lẹ́yìn tó bá ti lò ó. Láàárín ọdún 1940 sí 1949, dókítà Abdel Monem El Mofty ní Káírò gbé ohun tí wọ́n yọ lára ewéko náà dé ilé ìwòsàn, ó sì fi tọ́jú àwọn aláìsàn tirẹ̀. Ohun inú ewéko náà jẹ́ ọ̀kan lára ìdílé psoralen, tó máa ń mú kí awọ gba ìmọ́lẹ̀ lágbára.

Ní Yúróòpù, Niels Finsen ní Denmark gba ẹ̀bùn Nobel ní 1903 nítorí ó fi ìmọ́lẹ̀ tọ́jú àrùn awọ tí kòkòrò ikọ́ ife ń fà. Ní 1925, William Goeckerman ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀dà èédú kun ara àwọn onísọ̀ráyásíìsì, tó sì ń tan ìmọ́lẹ̀ sí wọn lára. Ní 1974, John Parrish, Thomas Fitzpatrick àti àwọn akẹgbẹ́ wọn fi hàn pé psoralen tí aláìsàn gbé mì, tí ìmọ́lẹ̀ sì tẹ̀ lé e, ń wẹ sọ̀ráyásíìsì kúrò lára.

Ìtànṣán tí ń ṣiṣẹ́ náà ni wọ́n ń pè ní ultraviolet, ojú kò lè rí i. Oríṣi méjì rẹ̀ ló ń dé orí ilẹ̀ láti inú oòrùn: A, tó pọ̀ jù, tó sì ń wọ inú awọ jinlẹ̀, àti B, tó kéré, tí kì í jìnnà sí òkè awọ. Ní 1981, Parrish àti Kurt Jaenicke yẹ ìtànṣán wọ̀nyí wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rí i pé èyí tí ìgbì rẹ̀ kò gùn tó 290 nánómítà ń jó awọ láì wo àìsàn rẹ̀. Èyí tó wà ní nǹkan bí 300 sí 313 ló ń wò ó. Lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ Philips ṣe iná gbọọrọ kan, TL-01, tí ìtànṣán rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò ní 311 nánómítà. Iná yìí ló gbapò iwájú ní ilé ìwòsàn láti ìgbà náà.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó kò ṣòro. Aláìsàn á wọ inú àpótí kan tí iná gbọọrọ tò yí ká, á fi awò bo ojú, á bo ojú ara, á sì dúró fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n á máa fi kún àkókò náà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni, fún oṣù méjì sí mẹ́ta. Aboyún lè gbà á, ọmọdé náà lè gbà á. Kì í mú àìsàn náà kúrò títí ayé, ṣùgbọ́n ó lè fún ènìyàn ní ọ̀pọ̀ oṣù tí awọ rẹ̀ mọ́ kedere.

Ìwọ̀n tó yẹ awọ kọ̀ọ̀kan

Mẹ́láníìnì ló ń mú awọ wa dúdú, òun náà ló sì ń gba oòrùn sílẹ̀ kó má bàa wọlé. Ní 1979, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà wọ̀n ọ́n: nínú 100 ìpín ìtànṣán B tó bọ́ sórí awọ funfun, nǹkan bí 24 ló la ìpele òkè awọ kọjá, lára awọ dúdú, nǹkan bí 7 péré ni. Ó túmọ̀ sí pé ìwọ̀n tó tó aláwọ̀ funfun kò lè tó adúláwọ̀.

Fitzpatrick ló pín awọ sí oríṣi ní 1975, kí dókítà lè mọ ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí kò ní jó aláìsàn. Mẹ́rin péré ló kọ́kọ́ jẹ́, awọ funfun ló sì wò ṣe é. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi ìkarùn-ún àti ìkẹfà kún un, tí gbogbo adúláwọ̀ wá há sínú wọn. Ìlànà tí àwọn dókítà awọ ní Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ fún iná 311 fi 130 mílíjúùlù (ìwọ̀n agbára ìmọ́lẹ̀) lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kan bẹ̀rẹ̀ fún oríṣi kìíní, ó sì fi 400 bẹ̀rẹ̀ fún ìkẹfà. Àfikún ìgbà kọ̀ọ̀kan jẹ́ 15 fún ti àkọ́kọ́, 65 fún ti ìkẹfà.

Àṣìṣe méjì ló lè ṣẹlẹ̀ níbi yìí. Èkíní ni kí wọ́n fún adúláwọ̀ ní ìwọ̀n aláwọ̀ funfun: á lọ, á bọ̀, kò ní rí ìyàtọ̀, á sì ní ìmọ́lẹ̀ kò bá ara òun mu. Èkejì ni kí wọ́n gbà pé awọ dúdú kì í jó. Awọ dúdú ń jó. Ó kàn jẹ́ pé kì í pọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí ojú yóò fi tètè rí i ni. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe á fọwọ́ kàn án bóyá ó gbóná, á bi aláìsàn bóyá ó ń ta á, á sì wò ó bóyá ó ṣàdédé dúdú sí i. Ọ̀nà tó dájú jù ni kí wọ́n kọ́kọ́ dán ìmọ́lẹ̀ náà wò lójú awọ kékeré mélòó kan ní ìwọ̀n tó yàtọ̀ síra, kí wọ́n sì padà yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn wákàtí 24. Àwọ̀ ọmọ ìyá méjì pàápàá lè yàtọ̀ síra, nítorí náà kí a má ka gbogbo wa kún ọ̀kan.

Ìmọ́lẹ̀ náà á tún mú kí gbogbo awọ dúdú díẹ̀ sí i fún ìgbà kan. Kí dókítà sọ èyí kó tó tan iná rárá. Bí ìtọ́jú bá parí, awọ á padà sí bó ṣe wà. Ní ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ná owó lórí ọṣẹ abóra, ẹni tí a kò bá sọ fún lè sá kúrò lẹ́nu ìtọ́jú lójú ọ̀nà àtigbádùn. Ní ti àfín, ọ̀rọ̀ wọn yàtọ̀ pátápátá: wọn kò ní mẹ́láníìnì tí yóò dáàbò bò wọ́n, jẹjẹrẹ awọ sì ń bá wọn jà. Kí wọ́n má sún mọ́ iná yìí láìsí àṣẹ dókítà awọ.

Ṣé oòrùn wa kò tó ni?

Ìbéèrè tó bọ́gbọ́n mu ni. Láti Ìsẹ́yìn títí dé Ìgbẹ́tì àti Kìṣí, ilẹ̀ ọ̀dàn ni, igi kò ṣíji bo ènìyàn, àgbẹ̀ oníṣu àti darandaran ń gba oòrùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Lóòótọ́, oòrùn díẹ̀ máa ń ṣe ọ̀pọ̀ onísọ̀ráyásíìsì lóore. Ṣùgbọ́n ìtànṣán A ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, B tó ń wo àìsàn kéré, èyí tó ń jó awọ sì wà láàárín rẹ̀. Agbára rẹ̀ ń yí padà láti wákàtí sí wákàtí. Ibi tí aṣọ bò kì í rí i. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí oòrùn ń mú tiwọn le sí i. Ọyẹ́ tún ń dé lọ́dọọdún, a máa gbẹ awọ, èépá á sì pọ̀ sí i.

Oòrùn sì lè para pọ̀ mọ́ ohun mìíràn ṣe ènìyàn níbi. Ọsàn wẹ́wẹ́ tí a fi ń ra ara ní irú èròjà kan náà tó wà nínú ewéko Íjíbítì yẹn. Ẹni tó bá fi í ra ojú èépá, tó wá bọ́ sínú oòrùn, lè fi awọ jóná tí yóò lé ròrò. Doxycycline àti àwọn oògùn kan fún ẹ̀jẹ̀ ríru náà máa ń mú kí awọ tètè jó. Chloroquine lè ru sọ̀ráyásíìsì sókè. Láti ọdún 2005 ni ìjọba Nàìjíríà ti fi oògùn mìíràn rọ́pò rẹ̀ fún ibà. Ẹni tó ní àìsàn yìí kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ rà á mì.

Gbẹ́rẹ́ náà ńkọ́? Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Heinrich Köbner ará Jámánì kíyè sí i pé sọ̀ráyásíìsì lè hù tuntun níbi tí awọ bá ti gbọgbẹ́. Bí wọ́n bá sín gbẹ́rẹ́ sí ara aláìsàn láti fi lé àìsàn náà, ojú gbẹ́rẹ́ ọ̀hún lè di ojú àìsàn tuntun.

Òrí tí àwọn ìyá wa ń ṣe ní ilẹ̀ ọ̀dàn yìí dára ní tirẹ̀. Ó ń mú awọ rọ̀, ó ń dín èépá kù. Kí aláìsàn tó ń gba ìmọ́lẹ̀ sáà fi í para lẹ́yìn ìtọ́jú, kì í ṣe ṣáájú, nítorí òrí lè gba díẹ̀ sílẹ̀ nínú ìtànṣán B náà.

Iná tó lè wọ inú ilé

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé ìwòsàn nìkan ni wọ́n ti ń gba ìtọ́jú yìí. Ní 2024, ìwádìí ńlá kan jáde ní Amẹ́ríkà, LITE ni wọ́n sọ ọ́, Joel Gelfand ti Yunifásítì Pennsylvania ló ṣáájú rẹ̀. Wọ́n pín aláìsàn 783 sí méjì: àwọn kan ń lọ gba ìmọ́lẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà, àwọn kan gbé ẹ̀rọ náà lọ sílé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, nínú 100 àwọn tó gbà á nílé, nǹkan bí 33 ni awọ wọn mọ́ tàbí tó kù díẹ̀ kó mọ́. Lọ́dọ̀ dókítà, nǹkan bí 26 ni. Nínú 100 ti ilé, 52 sọ pé àìsàn náà kò fi bẹ́ẹ̀ dí ìgbé ayé àwọn lọ́wọ́ mọ́. Ti ọ̀dọ̀ dókítà jẹ́ 34.

Èyí tó kàn wá jù ni pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ wá gbogbo àwọ̀ ènìyàn sínú ìwádìí náà. Àwọn 83 lára wọn ní awọ oríṣi ìkarùn-ún àti ìkẹfà. Iye yẹn kéré sí ti àwọn yòókù, ṣùgbọ́n àbájáde rẹ̀ dájú: ìmọ́lẹ̀ ṣiṣẹ́ lára awọ dúdú, nílé àti lọ́dọ̀ dókítà.

Ohun tó yẹ kí a ṣe

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ fún ará Ṣakí. Ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12 jẹ́ ìgbà 36. Láti Ṣakí dé Ìbàdàn, níbi tí ilé ìwòsàn UCH àti àwọn dókítà awọ rẹ̀ wà, ó lé ní 150 kìlómítà. Àlọ àti àbọ̀ ìgbà 36 á ju 10,000 kìlómítà lọ. Àgbẹ̀ wo ló lè fi oko sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ìyá wo ló lè ti ìsọ̀ pa nígbà 36?

Ẹ̀rọ náà ni ó yẹ kó wá bá wa. Àpótí ńlá rẹ̀ ń náni ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là, owó ńlá ni lápò ẹnìkan, ṣùgbọ́n kò ju agbára ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lọ, ọ̀pọ̀ aláìsàn ni yóò sì lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Iná gbọọrọ kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ ń jẹ 100 wáàtì. Mẹ́wàá rẹ̀ kò ju ohun tí áyọ́ọ̀nù kan ń jẹ lọ, fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré. Sólà ilé ìwòsàn lè gbé e láìdúró de iná ìjọba. Nọ́ọ̀sì tí a bá kọ́ dáadáa lè máa tan án, kí dókítà awọ láti Ìbàdàn máa wá yẹ àwọn aláìsàn wò láti ìgbà dé ìgbà, kó sì máa fi fóònù dá nọ́ọ̀sì lóhùn láàárín.

Nítorí náà, mo bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́: ẹ gbé ẹ̀rọ kan sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ṣakí, kí ẹ gbé òmíràn sí Ìsẹ́yìn, kí ẹ sì rán nọ́ọ̀sì lọ kọ́ bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n fún awọ dúdú. Mo bẹ ẹ̀yin ọmọ Òkè-Ògùn tó wà ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà: bí ẹ bá ń wá ohun tí ẹ ó fi ran ilé lọ́wọ́, èyí wà lára rẹ̀. Ẹ̀yin oníkẹ́míìsì, bí ìpara làpálàpá kò bá ṣiṣẹ́ láàárín oṣù kan, ẹ má ta ìkejì, ẹ darí aláìsàn náà sí ilé ìwòsàn. Ìwọ tí ó ń ṣe, má fi ara pamọ́ sínú aṣọ alápá gígùn mọ́, lọ jẹ́ kí dókítà wò ọ́. Ẹ̀yin ẹbí rẹ̀, ẹ bá a jẹun. Àìsàn náà kì í ràn.